Ààyè Òfìfo Kì Í Ṣe Òdo: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Iye Tó Sọnù Nínú Mátíríìsì

Olùkọ́ tó ń kọ máàkì sínú ìwé ńlá ní òpin táàmù mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń gbàgbé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá wá ṣe ìdánwò, olùkọ́ náà kì í kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀. ABS, ìkékúrú «absent», ló máa ń kọ, kí ẹni tó bá ka ìwé náà lè mọ̀ pé ọmọ náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ tó gba òdo jókòó, ó gba bébà, ó sì kùnà gbogbo ìbéèrè. Ọmọ tí kò wá kò tíì fi ohunkóhun hàn wá nípa ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Ojú ènìyàn rí ìyàtọ̀ yìí kíá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ ọ́n àfi bí a bá fi kọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdààmú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi mátíríìsì ṣiṣẹ́.

Mátíríìsì ni tábìlì nọ́ńbà tí a tò ní ìlà àti òpó. Ìlà ń lọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, òpó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tí kò ṣeé yẹ̀ níbẹ̀ ni pé gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ gùn bákan náà, gbogbo òpó sì gbọ́dọ̀ ga bákan náà, tó fi jẹ́ pé kò sí bí ihò ṣe lè wà láàárín rẹ̀: nǹkan kan gbọ́dọ̀ jókòó sí gbogbo ààyè. Ẹ wo tábìlì kékeré yìí, nínú èyí tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ máàkì ìṣirò, èdè Yorùbá àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì:

60   72   55
48   NaN   66
80   64   71
NaN   50   58

Ọmọ kejì kò ṣe ìdánwò Yorùbá, ọmọ kẹrin kò sì ṣe ti ìṣirò. Ohun tí a kọ sí ààyè méjèèjì ni NaN, èyí tó túmọ̀ sí «kì í ṣe nọ́ńbà».

Láti ọdún 1985, nígbà tí IEEE, àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, gbé ìlànà 754 jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe gbọ́dọ̀ máa tọ́jú nọ́ńbà tó ní dẹ́símà, ni NaN ti ní ibùjókòó tirẹ̀ nínú ìlànà náà. Bíìtì 64, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 tàbí 1, ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi tọ́jú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ń sọ bóyá nọ́ńbà náà ju òdo lọ tàbí ó kéré sí i, 11 ń sọ bó ṣe tóbi tó, 52 yòókù sì ń tọ́jú àwọn díjíìtì rẹ̀. Bí gbogbo 11 yẹn bá jẹ́ 1, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú 52 náà sì jẹ́ 1, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé nọ́ńbà kọ́ ló wà níbẹ̀. Ìṣirò tí kò ní ìdáhùn, bíi kí a pín òdo sí òdo, máa ń bí NaN fúnra rẹ̀. Àwa tó ń tọ́jú dátà sì tún ń yá a lò láti fi sàmì sí ààyè tí a kò mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìwà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ó máa ń ràn. Ẹ fi 5 kún NaN, NaN ni yóò jáde. Ẹ fi òdo sọ ọ́ di púpọ̀, NaN náà ni, èyí tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu nítorí wọ́n rò pé òdo ń pa ohun gbogbo rẹ́. Bí ẹ bá sọ fún ẹ̀rọ pé kó ṣírò àpapọ̀ òpó ìṣirò nínú tábìlì wa, NaN ni yóò dá padà fún yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì mẹ́ta wà níbẹ̀. Èmi kò ka èyí sí àléébù. Bí ẹnìkan bá béèrè àpapọ̀ máàkì ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò sì mọ máàkì ọ̀kan nínú wọn, òótọ́ ni pé ẹ kò mọ àpapọ̀ náà, ẹ̀rọ tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò purọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ìgbà tí a bá ń sọ mátíríìsì méjì di púpọ̀ fún ara wọn: nítorí pé gbogbo ààyè inú ìlà kan ló ń kópa nínú ìdáhùn tó bá jáde láti ìlà náà, NaN kan ṣoṣo ní ìlà kejì mátíríìsì tó wà lápá òsì yóò sọ gbogbo ìlà kejì ìdáhùn di NaN. Bí ẹ bá tún fi ìdáhùn yẹn ṣe ìṣirò mìíràn, yóò máa tàn kálẹ̀ títí tí ẹ kò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ìwà kejì ló máa ń da orí ènìyàn rú jù. NaN kò dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun, kódà kò dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tó bá kọ `x == NaN` pẹ̀lú èrò pé òun ń wá ààyè òfìfo kò ní rí ẹyọ kan, bí òfìfo tilẹ̀ kún inú tábìlì náà. Ìdí wà fún un: àìmọ̀ méjì kò sọ pé ohun méjèèjì tí a kò mọ̀ jọra. Nítorí náà ni èdè kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ṣe ní àṣẹ tirẹ̀ fún ìbéèrè yìí: `isnan(A)` ní MATLAB, `np.isnan(A)` ní NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò ti èdè Python, `is.na(A)` ní R. Tábìlì ni ohun tí àwọn àṣẹ yìí ń dá padà, ó tóbi bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n «bẹ́ẹ̀ ni» àti «bẹ́ẹ̀ kọ́» nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ìwà yìí kan náà lè ba èsì jẹ́ láìsí ariwo. Ká ní 50 ni máàkì tó kéré jù tí ọmọ lè fi yege, ẹ sì bi NumPy nínú òpó ìṣirò pé àwọn wo ló tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni fún 60, bẹ́ẹ̀ kọ́ fún 48, bẹ́ẹ̀ ni fún 80, àti bẹ́ẹ̀ kọ́ fún NaN. Ètò tó bá wá ka gbogbo «bẹ́ẹ̀ kọ́» sí ìkùnà yóò kọ̀wé pé ọmọ méjì ló kùnà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ kan ló kùnà, tí ọ̀kan kò sì wá. Kò sí ìkìlọ̀ kankan tí yóò jáde lójú ẹ̀rọ. Èdè R ni mo gbà pé ó ṣe ọ̀rọ̀ yìí dáadáa jù, torí àwọn tó dá a sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìṣirò dátà ya NA, ìyẹn ohun tó yẹ kó wà ṣùgbọ́n tí a kò rí, sọ́tọ̀ kúrò lára NaN, ìyẹn ìṣirò tí kò ní ìdáhùn. Ẹ bi R bóyá NA ju 50 lọ, NA ni yóò fi dá yín lóhùn, bí ìgbà tí olóòótọ́ ènìyàn sọ pé òun kò mọ̀.

Kí NaN tó gbilẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń fi nọ́ńbà tí kò lè ṣẹlẹ̀ dí ààyè òfìfo, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe é títí di òní. −999 àti −9999 wọ́pọ̀ nínú tábìlì ojú ọjọ́. Ìdí kan tí èyí kò fi tíì parẹ́ ni pé NaN jẹ́ ti nọ́ńbà tó ní dẹ́símà. Mátíríìsì NumPy tí a ṣe fún nọ́ńbà odidi nìkan kò ní ààyè fún un, yóò kọ̀ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi sínú rẹ̀. (Ìdí yìí náà ni pandas, irinṣẹ́ tábìlì ti Python, fi máa ń sọ òpó nọ́ńbà odidi di ti dẹ́símà nígbà tí òfìfo kan bá wọ inú rẹ̀, tí 48 fi ń di 48.0 lójú yín láìjẹ́ pé ẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.) Nígbà kan, ọ́fíìsì kan fi tábìlì òjò ránṣẹ́ sí mi láìsọ pé −999 ni àmì ọjọ́ tí wọn kò rí òjò wọ̀n. Mo ṣírò àpapọ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé òjò oṣù kan jẹ́ −843.4 mílímítà. Ó bà mí lọ́kàn jẹ́ nítorí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló wó lọ, ṣùgbọ́n mo tètè rí i, torí kò sí òjò tó lè dín sí òdo. Èyí tó burú jù ni tábìlì ọjọ́ orí tí wọ́n fi 99 sí ibi tí wọn kò ti mọ ọjọ́ orí ẹni. Ènìyàn lè pé ọdún 99 lóòótọ́, nítorí náà kò sí ojú tó lè rí àṣìṣe yẹn nínú iye tó bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí yíyàn wa lè fà nínú òpó ìṣirò kan ṣoṣo yìí. Bí a bá ṣírò ìpíndọ́gba máàkì àwọn mẹ́ta tó wá, 188 tí a pín sí 3, ó jẹ́ 62.67. Bí a bá fi òdo dí ààyè ọmọ tí kò wá, 188 tí a pín sí 4, ó já wá sí 47, ìyẹn ni pé kíláàsì tó yege ti di èyí tó kùnà. Bí a bá fi −999 sílẹ̀ níbẹ̀, ìpíndọ́gba di −202.75. Ọmọ kan náà ni kò wá, bébà mẹ́ta kan náà ni olùkọ́ máàkì. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe sí tábìlì èyíkéyìí tí wọ́n bá fún mi ni pé kí n béèrè àmì tí wọ́n lò fún àìsí, kí n sì sọ gbogbo rẹ̀ di NaN: `A(A == -999) = NaN` ní MATLAB, `A[A == -999] = np.nan` ní NumPy. Àwọn tó ń lo Excel náà kò yọ sílẹ̀. Àṣẹ `AVERAGE` máa ń fo ààyè tí ẹ kò kọ nǹkan kan sí, ṣùgbọ́n ó ń ka òdo mọ́ ìṣirò, nítorí náà ẹni tó bá ń tẹ 0 sí gbogbo ibi tó ṣófo kí tábìlì rẹ̀ lè dùn ún wò ti yí èsì padà.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń béèrè: báwo ni mo ṣe lè yọ NaN kúrò? Ẹ rántí òfin pé mátíríìsì kò gba ihò. Ẹ kò lè yọ ààyè kan ṣoṣo kí tábìlì náà sì dúró bó ṣe wà, bí ẹni tí kò lè yọ búlọ́ọ̀kù kan láàárín ògiri kí ògiri náà má lu. Bí ẹ bá kọ `A[~np.isnan(A)]` ní NumPy, nọ́ńbà 10 tó kù yóò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà gígùn kan ni wọn yóò tò sí, ẹ kò sì ní mọ èwo ni ti ọmọ wo mọ́. Odidi ìlà tàbí odidi òpó ni a lè yọ. `A(any(isnan(A),2),:) = []` ní MATLAB ń yọ gbogbo ìlà tí NaN bá wà nínú rẹ̀, `A[~np.isnan(A).any(axis=1)]` sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní NumPy. Ó rọrùn, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ààyè méjì péré ló ṣófo nínú 12 tiwa, ṣùgbọ́n ìlà méjì nínú mẹ́rin ni yóò lọ, pẹ̀lú máàkì mẹ́rin tó dára tí àwọn ọmọ náà jókòó ṣe. Ìpíndọ́gba ìṣirò wá di 70, nítorí pé ọmọ tó gba 48 ti bá àìwá rẹ̀ ní kíláàsì Yorùbá lọ.

Àwọn kan máa ń fẹ́ yọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ka tábìlì láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀. Ìdẹkùn wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìlà 3, ìlà 4 yóò bọ́ sí ipò 3 lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ètò yín ti ń lọ sí ipò 4, yóò sì fo ìlà náà láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó sàn jù kí ẹ kọ́kọ́ sàmì sí gbogbo ìlà tí ẹ fẹ́ yọ, kí ẹ wá yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá jẹ́ ìpíndọ́gba tàbí àpapọ̀ nìkan lẹ ń wá, kò sí ìdí láti yọ ohunkóhun. `np.nanmean(A, axis=0)` ní NumPy, `mean(A,'omitnan')` ní MATLAB àti `colMeans(A, na.rm=TRUE)` ní R yóò fo òfìfo, wọn yóò sì pín àpapọ̀ sí iye àwọn tó wà níbẹ̀.

Fífi nǹkan dí ààyè náà ni ọ̀rọ̀ tó gba sùúrù jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n fi ìpíndọ́gba òpó dí i, wọ́n kọ 62.67 fún ọmọ kẹrin, ọkàn wọn sì balẹ̀ torí pé ìpíndọ́gba kò yí padà. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti yí. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń sọ bí àwọn máàkì ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 16.2 fún àwọn ọmọ mẹ́ta tó wá. Lẹ́yìn tí a ti fi 62.67 dí ààyè kẹrin, ó wálẹ̀ sí 13.2. A ti mú kí kíláàsì náà dà bí èyí tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ jọra ju bí wọ́n ṣe jọra lọ, a sì ti mú kí ìmọ̀ wa dà bí ohun tó dájú ju bó ṣe rí lọ. Fún ohun tó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí àkókò ṣe ń lọ, bíi ooru inú yàrá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ lè fa ìlà tààrà láàárín ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e, àṣẹ `fillmissing(A,'linear')` ti MATLAB sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe é fún òjò. Òjò lè rọ̀ gan-an lónìí kó sì gbẹ wáwá lọ́túnla, ọjọ́ tó wà láàárín kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Òdo pẹ̀lú lè jẹ́ ohun tó tọ́ nígbà mìíràn: nínú ìwé ọjà oníṣòwò tó jẹ́ pé ohun tó bá tà nìkan ló ń kọ, ààyè òfìfo túmọ̀ sí pé kò ta nǹkan kan.

Àwọn tábìlì kan wà tó jẹ́ pé òfìfo ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 2006, Netflix gbé ọ̀kan jáde fún ìdíje, oníbàárà 480,189 sí fíìmù 17,770. Ààyè inú irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ju bílíọ̀nù 8.5 lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù 100 péré ló ní máàkì láti 1 sí 5. Nǹkan bí 99 nínú ààyè 100 ló ṣófo. Ẹni tó bá fi òdo kún un yóò ti sọ pé ẹgbàágbèje ènìyàn kórìíra fíìmù tí wọn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn tó gba mílíọ̀nù kan dọ́là ìdíje náà ní 2009 lo oríṣiríṣi ọ̀nà pọ̀, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn sì ni pé ẹ̀rọ ń wo àwọn ààyè tó ní máàkì nìkan, ó ń wá ìwà díẹ̀ tó fara pamọ́ nínú oníbàárà àti nínú fíìmù, ó sì ń ti ibẹ̀ fojú díwọ̀n ohun tó lè wà nínú ìyókù.

Kí a tó yọ, kí a tó dí, ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ààyè fi ṣófo. Onímọ̀ ìṣirò Donald Rubin ló fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1976. Ó lè jẹ́ pé bébà ọmọ náà kàn bọ́ sọnù lọ́nà, tí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú máàkì ẹnikẹ́ni. Yíyọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ yóò dín iye yín kù ṣùgbọ́n kò ní tẹ èsì. Ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn tí a ní lọ́wọ́ ṣàlàyé rẹ̀, bíi kó jẹ́ pé àwọn tó ń gbé ní ọ̀nà jíjìn ni kò rí ọkọ̀ wọ̀; a lè lo ohun tí a mọ̀ yẹn láti tún un ṣe. Èyí tó ṣòro ni ìgbà tó bá jẹ́ pé iye tó sọnù náà fúnra rẹ̀ ló fa sísọnù. Ọmọ tó mọ̀ pé òun kò mọ ìṣirò ni kò wá. Òjò tó pọ̀ jù lọ ló gbé ike tí a fi ń wọn òjò lọ, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí a fẹ́ mọ̀ jù ni ọjọ́ tó ṣófo. Kò sí àṣẹ kankan nínú èdè kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tó lè bá yín mọ èyí; àfi kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó dátà náà jọ.

Ìṣọ́ra kan náà yẹ iye tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò fẹ́, nítorí pé ó ga jù tàbí ó kéré jù lójú wa. Ní oṣù karùn-ún 1985, Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Nature pé ọsónì, gáàsì òkè òfuurufú tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu, ń dín kù lókè Áńtátíkà, ó ń dín kù gidigidi nígbà ìrúwé ibẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ Halley, ibùdó ìwádìí kan ní Áńtátíkà, láti orí ilẹ̀, ni wọ́n ti rí i, bẹ́ẹ̀ sì ni sátẹ́láìtì Nimbus 7 ti ń wọn ọsónì kan náà láti òfuurufú láti ọdún 1978. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátà sátẹ́láìtì náà ti sàmì sí gbogbo ohun tó bá kéré sí 180 nínú ìwọ̀n Dobson, èyí tí a fi ń wọn ọsónì, bí ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe, torí kò sẹ́ni tó retí kí ọsónì kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn tó gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ètò náà ju àwọn nọ́ńbà yẹn nù. Kò jù wọ́n nù, àmì ló fi sí wọn, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ NASA fi lè padà sí inú wọn, tí wọ́n sì fi hàn ní 1986 bí ibi tí ọsónì ti dín kù náà ṣe fẹ̀ tó.

Nítorí rẹ̀ ni mo fi máa ń ní mátíríìsì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí àkọ́kọ́. Kí n tó dí ààyè kankan, mo ń kọ `M = np.isnan(A)`, mo sì ń tọ́jú M pọ̀ mọ́ tábìlì náà, mo sì ń fi tábìlì àtilẹ̀wá sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ṣí i ní ọdún márùn-ún sí i yóò rí 62.67 ní ìlà kẹrin, yóò wo ipò kan náà nínú M, yóò sì mọ̀ pé ọmọ náà kò wá lọ́jọ́ yẹn.